Ọdún Mẹ́tàlélógún Láàárín Òdòdó Ọlọ́jọ́-Kan

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ ìjọ wa lẹ ní kí àwa àgbà tó ti fẹ̀yìn tì máa kọ ohun tí a fi ayé wa ṣe, kí ẹ lè mọ iṣẹ́ tí ẹ ó yàn. Ẹni tó kọ́kọ́ kọ tirẹ̀ ti ṣe akọ̀wé ìjọba. Ẹnìkejì ti ṣe tíṣà. Nígbà tó wá kàn mí, mo gbọ́ tí ọmọdébìnrin kan ń bi ọ̀rẹ́ rẹ̀ léèrè lẹ́yìn mi pé, "Wetin this Mama do sef?" Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, "She dey plant flower." Ni àwọn méjèèjì bá rẹ́rìn-ín. Inú kò bí mi o. Èmi náà rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ gbọ́ pé èèyàn lè fi òdòdó ṣe iṣẹ́. Ẹ ṣáà jókòó kí n sọ fún yín.

Bàbá Tọ́pẹ́, ọkọ mi, ló mú mi wá sí Benin láti Ìlá. Uselu ló ti ń tún iná mọ́tò ṣe. Lọ́dún 1991, nígbà tí Tọ́pẹ́ bẹ̀rẹ̀ iléèwé, mo ní n kò lè máa jókòó sílé. Obìnrin kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà sọ fún mi pé agbẹ̀bí kan tó ti fẹ̀yìn tì, lẹ́bàá Upper Sakponba, ń wá ẹni tí yóò máa bá òun gbálẹ̀ àgbàlá. Mo lọ, wọ́n gbà mí. Owó tí wọ́n ń san kò pọ̀, kò sì kéré. Kò sí ìtàn níbẹ̀.

Màmá Esohe ni orúkọ agbẹ̀bí náà. Ọmọ Ẹdó ni wọ́n, ṣùgbọ́n Ìbàdàn ni wọ́n ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì, wọ́n sì gbọ́ Yorùbá débi pé wọ́n lè bú èèyàn kí wọ́n tún fi òwe tì í lẹ́yìn. Wọ́n ga, wọ́n tẹ́ẹ́rẹ́, èékánná wọn kì í gùn, bàtà wọn kì í ní eruku. Ọkọ wọn ti kú, àwọn ọmọ wọn méjèèjì wà lókè òkun. Ohun tó wà lọ́wọ́ wọn ni ọgbà tó wà lẹ́yìn ilé.

Ọjọ́ kẹta tí mo débẹ̀, Màmá jáde lọ sí bánkì. Mo wo ẹ̀yìnkùlé, mo rí ebè gígùn kan tí koríko ti bò. Mo ní obìnrin tó mọ́ tónítóní báyìí, kí ló dé tí koríko ń hù lójú rẹ̀? Mo ká aṣọ mi sókè, mo gbé ọkọ́, mo tu gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, mo gbá a mọ́. Ìgbà tí Màmá fi dé, mo dúró ti ebè náà, mo ń retí ìyìn.

Wọ́n gbé báàgì wọn sílẹ̀. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, kí lo ṣe síbí?"

"Màmá, mo bá yín tu koríko ni. Ó ti pọ̀ jù."

"Koríko," ni Màmá wí. Wọ́n tún un wí. "Koríko. Ọgọ́fà ọmọ ni mo ní níbẹ̀. Ọdún kan ni wọ́n pé lóṣù yìí."

Mo rò pé ọmọ èèyàn ni wọ́n sin síbẹ̀.

Àṣé òdòdó ni. Bí ẹ kò bá mọ̀ ọ́n, tí kò tíì yọ òdòdó, ẹ ó búra pé koríko ni. Màmá kò lé mi. Wọ́n ní kí n lọ sídìí ààtàn, kí n ṣa wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kúrò nínú koríko tòótọ́, kí n tún wọn gbìn. Ọwọ́ ìrọ̀lẹ́ ni mo ṣe é tán, èékánná mi kún fún erùpẹ̀ pupa. Bí ìdajì ló yè. Ọjọ́ yẹn ni iṣẹ́ mi bẹ̀rẹ̀, nítorí Màmá sọ fún mi pé, "Ẹni tó lè ba ọgọ́fà jẹ́ láàárín wákàtí méjì, apá rẹ̀ lágbára. Ojú rẹ̀ ló kù tí a ó là."

Òdòdó náà kò ní orúkọ lédè wa. Lílì ni Màmá ń pè é. Èmi àti Bàbá Tọ́pẹ́ ń pè é ní ọlọ́jọ́-kan, nítorí bó bá ṣí láàárọ̀ òní, kì í rí òwúrọ̀ ọ̀la. Ṣùgbọ́n ọ̀pá kan lè ru ogún òdòdó, tí wọn yóò máa ṣí ní ọ̀kan-ọ̀kan, èyí ń kú, èyí ń yọ, débi pé ẹni tó ń kọjá yóò rò pé òdòdó kan tí kì í rọ ló ń wò. Nígbà èwe Màmá, wọ́n rán wọn lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i lókè òkun, obìnrin tí wọ́n dé sílé rẹ̀ sì fún wọn ní gbòǹgbò mẹ́ta. Inú ìbọ̀sẹ̀ ni wọ́n wé e sí wá sí Benin. Ọ̀kan jẹrà nínú òjò àkọ́kọ́. Èyí tó jẹ́ yẹ́lò àti èyí tó pupa rúsúrúsú ló kù, àwọn méjèèjì yìí ló bí gbogbo ohun tí mo bá lọ́gbà.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko ni Màmá kò jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan kan. Orí àpótí ni mo ń jókòó sí láàárọ̀, mo ń wò. Lẹ́yìn náà wọ́n fi gèlè dì mí lójú, wọ́n ń fi ewé sí mi lọ́wọ́, "Kí nìyí?" Bí mo bá ní lílì, tó sì jẹ́ koríko, wọ́n á ní kí n padà sórí àpótí. Ìgbà tó yá ni ìka mi mọ̀ ọ́n: ewé lílì máa ń ṣẹ́po láàárín bí ìwé tí wọ́n ká sí méjì, ó sì ń jáde láti ìsàlẹ̀ bí abẹ̀bẹ̀ tí wọ́n ṣí, apá ọ̀tún, apá òsì. Bí ẹ bá wú u, gbòǹgbò rẹ̀ sanra bí ọmọ iṣu wẹ́wẹ́. Koríko kò ní ìyẹn.

Ibi tí ewé àti gbòǹgbò ti pàdé ni a ń pè ní ọrùn. Ẹ̀kọ́ ọrùn yẹn, mo fi omijé kọ́ ọ. Òjò Benin kì í ṣe òjò tí wọ́n ń bá ṣeré. Bí ọrùn bá wọlẹ̀ jù, jíjẹrà ni. Lọ́jọ́ kan mo gbin ogójì sínú ebè tuntun, Màmá dé, wọ́n ki ìka bọ ìdí àkọ́kọ́. Wọ́n ní, "Ta ló sin ín lọ́rùn? Bí wọ́n bá rì ọ́ mọ́lẹ̀ dé imú, ṣé wàá lè mí?" Wọ́n ní kí n wú gbogbo ogójì. Òjò wínníwínní ti bẹ̀rẹ̀. Màmá fúnra wọn dúró tì mí nínú òjò náà, aṣọ wọn tutù, wọn kò wọlé, wọn kò sì ràn mí lọ́wọ́. Bí mo bá gbin ọ̀kan, wọ́n á ki ìka bọ̀ ọ́. "Tún un ṣe." "Tún un ṣe." "Ó kù díẹ̀." Nígbà tó di ẹlẹ́ẹ̀kẹtàdínlógójì wọn kò sọ̀rọ̀ mọ́, wọ́n kàn ń mi orí pé ó dára.

Mo délé, mo sọ fún Bàbá Tọ́pẹ́ pé n kò lọ mọ́. Mo ní, "Obìnrin yẹn le ju òkúta lọ."

Bàbá Tọ́pẹ́ kò gbójú sókè níbi oúnjẹ. Ó ní, "Ọ̀gá tèmi máa ń tú gbogbo wáyà mọ́tò sílẹ̀ tí mo bá ṣi ọ̀kan péré so. Lónìí, tí wáyà bá já nínú mọ́tò, etí mi máa ń sọ ibi tó wà fún mi kí n tó ṣí i. Bí o bá fẹ́ ọ̀gá tó rọ̀, iṣẹ́ rẹ náà á rọ̀."

Mo lọ láàárọ̀ ọjọ́ kejì. Kò pẹ́ sí i ni ibà dá mi dùbúlẹ̀. Ọjọ́ kejì tí n kò yọjú, mo kàn gbọ́ ohùn Màmá lẹ́nu ọ̀nà wa ní Uselu. Wọ́n ti wọ bọ́ọ̀sì, wọ́n ti bèèrè ọ̀nà lọ́wọ́ àwọn mẹ́káníìkì, wọ́n gbé abọ́ ọbẹ̀ ẹja lọ́wọ́ kan, oògùn lọ́wọ́ kejì. Wọ́n fọwọ́ kàn mí lọ́rùn, wọ́n wo ojú mi, wọ́n bá Tọ́pẹ́ wí pé kò fọ abọ́. Àwọn àgbà ní bí a bá fi ọwọ́ ọ̀tún bá ọmọ wí, à á fi tòsì fà á mọ́ra. Àti ọjọ́ yẹn ni mo ti ń fi gbogbo ara ṣiṣẹ́ fún wọn.

Kí n sọ bí iṣẹ́ náà ṣe rí. Láàárọ̀ kùtù, a ó ká òkú òdòdó àná kúrò, kí ó má baà jẹrà mọ́ èyí tó ń bọ̀. Bí a bá fẹ́ pín ìdí tó ti pọ̀, a ó fi omi gbígbóná fọ ọ̀bẹ, a ó la á ní ọ̀gangan ọrùn, a ó fi eérú pa ojú ọgbẹ́, a ó sì tẹ́ ẹ sábẹ́ ibòòji fún ọjọ́ méjì kó gbẹ kí a tó gbìn ín. Ìgbẹ́ adìẹ gbọ́dọ̀ ti jẹrà fún oṣù mẹ́ta gbáko, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, yóò jó gbòǹgbò. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀, orí ni mo fi ń ru omi, agolo tí a lu níhòó ni mo fi ń wọ́n ọn. Lẹ́yìn ọdún díẹ̀, Màmá gbẹ́ kànga dẹ̀rọ, a ra rọ́bà gígùn, iṣẹ́ òwúrọ̀ kan di iṣẹ́ ìṣẹ́jú mélòó kan. Mo dúpẹ́ fún rọ́bà yẹn. Ọrùn mi náà dúpẹ́.

Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tó gbà mí lọ́kàn jù ni bí Màmá ṣe ń mú kí òdòdó bímọ. Kó tó di aago mẹ́sàn-án, kí oòrùn tó mú, wọ́n á fi ẹ̀mú kékeré tí wọ́n ti ń lò láti ilé ìgbẹ̀bí já irun kan láàárín òdòdó, èyí tí lẹ́búlẹ́bú yẹ́lò wà lórí rẹ̀, wọ́n á fi kan ṣóńṣó tó gùn jù láàárín òdòdó mìíràn. Wọ́n á so òwú mọ́ ọn lọ́rùn, wọ́n á kọ orúkọ bàbá àti ìyá sínú ìwé. Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ méje, apó èso á gbẹ, á là, ẹ ó rí kóró dúdú tó ń dán bí ojú eku. A ó gbìn ín, a ó sì dúró fún ọdún méjì kó tó yọ òdòdó. Nínú ọgọ́rùn-ún tó bá yọ, Màmá á wò wọ́n, á sì da méjìdínlọ́gọ́rùn-ún nù.

Ó máa ń dùn mí. Mo ní, "Màmá, èyí dára kẹ̀."

Wọ́n á ní, "Ó dára. Ìyá rẹ̀ náà dára. Kí ló wá fi kún ti ìyá rẹ̀?"

Ìwà ìfarabalẹ̀ yẹn, n kò rí irú rẹ̀ rí. Obìnrin tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún, tó ń gbin ohun tí yóò wò lẹ́yìn ọdún méjì, tó sì ń dà á nù láìbínú, tó tún ń gbin òmíràn. Ọdún keje tí mo débẹ̀ ni ọ̀kan ṣí láàárọ̀ ọjọ́ kan, tí Màmá dúró tì í títí oòrùn fi mú. Àwọ̀ iyùn ni. Kì í ṣe pupa, kì í ṣe àwọ̀ ọsàn. Iyùn gan-an, irú èyí tí ẹ ń rí lọ́rùn ìyàwó Ẹdó lọ́jọ́ ìgbéyàwó, tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́ bí etí aṣọ. Màmá pè é ní Ivie, èyí tó túmọ̀ sí iyùn lédè wọn. Wọn kò fún ẹnikẹ́ni. Ọdún márùn-ún ni a fi ń pín in díẹ̀díẹ̀ títí ó fi di ìdí mọ́kànlá lórí ebè tirẹ̀ nìkan, nísàlẹ̀ fèrèsé yàrá wọn. Àwọn èèyàn ń ti àdúgbò Ogbe wá wò ó.

Ẹ wá gbọ́ ohun tí mo ṣe sí i.

Nígbà náà ni páǹpù tí wọ́n ń gbé kọ́ ẹ̀yìn dé sọ́wọ́ gbogbo èèyàn, pẹ̀lú oògùn apakoríko. Ọdún méjìlá ni mo ti fi ọkọ́ àti àdá pa koríko ojú ọ̀nà àgbàlá náà, ẹ̀yìn mi ti ń dùn mí. Mo bẹ Màmá títí, wọ́n fi ra ọ̀kan. Wọ́n ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ohun tó bá rọrùn, ìdajì ojú ni wọ́n fi ń ṣe é. Ṣọ́ra." Mo fọ́n oògùn sójú ọ̀nà, kò kan òdòdó kankan. Láàárín ọ̀sẹ̀ kan koríko ti gbẹ. Mo ń jó.

Lóṣù tó tẹ̀ lé e, kòkòrò wẹ́wẹ́ bo ọ̀pá òdòdó wa. Mo gbé páǹpù yẹn kan náà, mo fi omi ṣàn án lẹ́ẹ̀kan, mo po oògùn kòkòrò sínú rẹ̀, mo fọ́n ọn sí gbogbo ebè. Ti Ivie ni mo ti bẹ̀rẹ̀, nítorí mo fẹ́ràn rẹ̀ jù. Ibẹ̀ ni àṣẹ́kù apakoríko tó wà nísàlẹ̀ páǹpù lọ.

Ní bí ọjọ́ kẹwàá, ewé àárín bẹ̀rẹ̀ sí í yọ funfun. Lẹ́yìn náà ó yí pọ̀ bí ewé tí iná rà. Màmá rò pé òjò ni. Wọ́n wú ọ̀kan wò, gbòǹgbò rẹ̀ kò jẹrà, kò rùn. Wọ́n ní, "Ẹnì kan ló da nǹkan síbí." Èmi ti mọ̀. Láti ọjọ́ tí mo rí ewé funfun àkọ́kọ́ ni mo ti mọ̀, ṣùgbọ́n ẹnu mi kò gbà á láti sọ ọ́.

Ẹgbẹ́ odi Màmá ni Bàbá Blessing ń gbé, ọkùnrin kan tó ń sin adìẹ. Òun àti Màmá ti jà lọ́pọ̀ ìgbà nítorí pé àwọn adìẹ rẹ̀ ń fo odi wá tú ebè. Láàárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, Màmá wọ bàtà, wọ́n lọ dúró lẹ́nu géètì rẹ̀, mo tẹ̀ lé wọn. Wọ́n pariwo pé, "You don kill my pikin! Wetin you pour for my garden?"

Bàbá Blessing jáde pẹ̀lú síńgílẹ́ẹ̀tì, ìyàwó rẹ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó ní, "Mama, I swear, I no enter your compound. Na fowl I get, I no get poison."

Àwọn ará àdúgbò ti péjọ. Màmá ní ọlọ́pàá làwọn ń lọ pè. Ẹnì kan láàárín èrò ní àwọn ti mọ̀ tipẹ́ pé ìlara ló ń dà á láàmú. Ìyàwó rẹ̀ bú sẹ́kún. Mo wo ọkùnrin náà, ó kàn na ọwọ́ méjèèjì jáde bí ẹni tí kò mọ ohun tí yóò fi wọ́n ṣe. Ìgbà yẹn ni orúnkún mi kanlẹ̀ kí n tó mọ̀.

"Màmá, èmi ni. Páǹpù ni. N kò fọ̀ ọ́ dáadáa."

Màmá kọjú sí mi. Mo ń retí ìgbájú. Àfi bí wọ́n ṣe ń bi mí léèrè bí ìgbà tí wọ́n ń gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu aláboyún: "Ọjọ́ mélòó sẹ́yìn? Ìgbà mélòó lo fi omi ṣàn án? Ebè wo lo ti bẹ̀rẹ̀?" Mo dáhùn gbogbo rẹ̀. Nígbà náà ni Màmá yí sí Bàbá Blessing, níwájú gbogbo èrò yẹn, wọ́n tẹ orúnkún méjèèjì. Ọkùnrin tó lè jẹ́ ọmọ wọn. Wọ́n ní, "My son, I beg you. I talk wetin my eye no see." Ọkùnrin náà sáré gbé wọn dìde, òun náà ń sunkún.

Màmá kọjá lára mi. Wọ́n ní, "Mú ṣọ́bìrì."

Ọjọ́ mẹ́ta la fi wú gbogbo ọgbà. A gé ewé rẹ̀, a fi omi fọ gbòǹgbò, a gbìn wọ́n sínú bọ́kẹ́ẹ̀tì àtijọ́ àti agolo ọ̀dà, nínú erùpẹ̀ tuntun tí Bàbá Blessing fi bárò rù wá fún wa láìjẹ́ pé a bẹ̀ ẹ́. Ní gbogbo ọjọ́ mẹ́ta yẹn, Màmá kò bá mi sọ̀rọ̀ ju "Mú un wá" àti "Gbé e sílẹ̀" lọ. Lọ́jọ́ kẹrin, mo ní, "Màmá, ẹ lé mi lọ. N kò lè máa wo ojú yín."

Wọ́n ní, "Ní ilé ìgbẹ̀bí, nọ́ọ̀sì tó ti ṣe àṣìṣe rí tó sì jẹ́wọ́ rẹ̀, òun ni mo máa ń fi síbi tó le jù. Èyí tó bá ní òun kò ṣe àṣìṣe rí, òun ni mo máa ń ṣọ́." Wọ́n wá sọ ọ̀rọ̀ tí àwọn Yorùbá máa ń sọ fún ìyá tí ọmọ rẹ̀ kú. Wọ́n ní, "Omi ló dànù, agbè kò fọ́."

Ìdí mọ́kànlá Ivie, kò sí ọ̀kan tó yè. Nínú gbogbo ọgbà, nǹkan bí ogún ló kù, tínrín-tínrín. Ṣùgbọ́n ìyá Ivie wà nínú wọn, ó jókòó sínú agolo ọ̀dà kan, ewé méjì péré ló ní. A ra páǹpù kejì. A kun ọ̀kan lọ́dà pupa, ti koríko nìyẹn. A kun ìkejì ní funfun. Ẹni tó bá fọwọ́ kan pupa, kò gbọ́dọ̀ dé ibi ebè lọ́jọ́ náà.

Màmá ti lé díẹ̀ ní àádọ́rin ọdún nígbà náà. Ẹlòmíràn ìbá ní ó tó. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni ìyá Ivie yọ ọ̀pá kan, Màmá sì fi ẹ̀mú lé mi lọ́wọ́. Wọ́n ní ọwọ́ àwọn ti ń gbọ̀n. Àṣé kì í ṣe ọwọ́ nìkan. Ojú wọn ti ń lọ, dókítà ti sọ fún wọn pé kò ní padà. Láti ìgbà náà, èmi ni ojú, Màmá ni ọpọlọ. Wọ́n á jókòó sórí àga lẹ́bàá ebè, wọ́n á ní, "Yẹ́lò ti apá odi, ó ṣí? Mú tirẹ̀ wá fún ìyá." Wọ́n mọ orúkọ bàbá àti ìyá gbogbo òdòdó láìsí ìwé. Ìran kìn-ín-ní tó yọ, mo wò wọ́n, mo ròyìn wọn, Màmá ní kí n dà wọ́n nù. Ìran kejì, a fi mẹ́ta sílẹ̀. Bí ọdún ṣe ń lọ nìyẹn.

Láàárọ̀ kan nínú ọdún kẹsàn-án lẹ́yìn ìjàm̀bá yẹn, ọ̀kan ṣí tó mú mi dúró. Màmá kò ríran mọ́ rárá nígbà yẹn. Wọ́n gbọ́ pé ẹsẹ̀ mi dúró.

"Kí lo rí?"

Mo wò ó. Irọ́ wá sí mi lẹ́nu, n kò ní tàn yín. Kí ni yóò ná mi láti sọ pé Ivie ti padà? Màmá kò lè rí i. Wọn ìbá kú pẹ̀lú ayọ̀.

Mo ní, "Màmá, kì í ṣe Ivie."

Wọ́n ní, "Sọ ọ́ fún mi."

"Ó dà bí inú ìbẹ́pẹ tó pọ́n. Àárín rẹ̀ wá dúdú mọ́ pupa, bí ẹni fi ìka tó ti kan osùn tẹ̀ ẹ́. Ó fẹ̀ ju Ivie lọ. Etí rẹ̀ kò ṣẹ́ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. N kò rí irú rẹ̀ rí lọ́gbà yìí."

Màmá na ọwọ́, mo fà á dé ibẹ̀. Wọ́n fi ìka tọ etí ewé òdòdó náà kọ̀ọ̀kan, mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, bí ẹni ń ka ìka ọmọ tuntun. Mo ní, "Ṣé kí n dà á nù?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín. "Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi gbẹ̀bí. N kò rí ìyá tó wo ọmọ tuntun kó ní, 'Èyí kò jọ èyí tó kú, ẹ gbé e padà.' Kí lẹ̀yin Yorùbá ń sọ ọmọ tó bá dé lẹ́yìn èyí tó kú?"

Mo ní, "Kòkúmọ́."

"Ó dára. Kọ ọ́ sínú ìwé."

Màmá kú ní ọdún tó ṣáájú èyí tí mo fẹ̀yìn tì, lójú oorun, láìsí ariwo. Lọ́dún 2014, àwọn ọmọ wọn ta ilé náà. Ẹni tó rà á fẹ́ to òkúta sí gbogbo àgbàlá. Àkọ́bí Màmá pè mí lórí fóònù, ó ní, "Ìyá Tọ́pẹ́, ẹ wú ohunkóhun tí ẹ bá fẹ́. Ẹ̀yin lẹ ni ín." Orúnkún mi ti ń yọ mí lẹ́nu, mo ti mọ̀ pé iṣẹ́ ti tán.

Ẹ̀yin ọmọ mi, bí ẹ bá ń yan iṣẹ́, ẹ má kọ́kọ́ bèèrè iye tí wọ́n ń san. Ẹ bèèrè ta ni ọ̀gá. Ẹ wò bí ó ṣe ń ṣe lọ́jọ́ tí òun fúnra rẹ̀ bá jẹ̀bi. Mo bá akọ̀wé ìjọba àti tíṣà yọ̀, ṣùgbọ́n èmi ní ọ̀gá tó kúnlẹ̀ fún ẹni tí òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀. Kò sí owó ìfẹ̀yìntì tó tó ìyẹn.

Ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi wú ọgbà náà. Mo kó wọn sẹ́nu géètì, mo ní kí ẹni tó bá fẹ́ wá mú. Ẹ wo èrò! Àwọn tí ọwọ́ Màmá gbẹ̀bí wọn wá, àwọn ọmọ wọn náà wá. Obìnrin kan ní, "Na im slap me first for this world." Mo ń fún wọn ní ìdí kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kọ́ wọn: "Tí o bá gbìn ín, má ṣe wú u, má ṣe pín in títí ọdún kan yóò fi pé. Ẹni yòówù kó bẹ̀ ọ́, má gbà." Mo ní kí olúkúlùkù tún un sọ kí n tó yọ̀ǹda rẹ̀. Ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé kan láti Ogbe, Itohan, ni mo fún ní Kòkúmọ́ tó kẹ́yìn.

Mo délé, mo fọ ẹsẹ̀, mo jókòó. Ìgbà yẹn ni mo rántí pé n kò fi ẹyọ kan sílẹ̀ fún ara mi.

Mo fara dà á fún ọ̀sẹ̀ méjì. Lẹ́yìn náà mo wọ kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta lọ sí Ogbe. Itohan ti gbìn ín sẹ́bàá ilẹ̀kùn rẹ̀, ewé tuntun ti ń yọ láàárín. Mo kí i, mo yin iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, mo wá ní, "Ọmọ mi, jọ̀ọ́, bá mi fà díẹ̀ lára rẹ̀. Èmi ni mo gbàgbé ara mi."

Itohan wò mí, ó wo òdòdó náà. Ó yí ẹsẹ̀ kan, ó dúró sáàárín èmi àti òdòdó náà. Ó ní, "Mama, no vex. Na you talk am. E never reach one year." Ó tún fi Yorùbá díẹ̀ tó gbọ́ kún un: "Ẹ padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, ẹ jọ̀ọ́, Mà."

Mo fẹ́ jiyàn. Mo wo ojú rẹ̀, mo rí i pé bí mo bá kúnlẹ̀ níbẹ̀ títí di alẹ́, kò ní gbà. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo wọ kẹ̀kẹ́ padà sí Uselu lọ́wọ́ òfo. Inú mi dùn débi pé a kọjá ilé mi, a kọjá ọjà, kí n tó rántí sọ fún awakọ̀ pé kó dúró.